Òṣùká Pupa

Agolo bisikíìtì kan ń bẹ lábẹ́ máṣíìnì mi
nínú ṣọ́ọ̀bù wa ní Sábóngàrí, Sáríà.
Ó ti dípẹtà. Báàjì ló wà nínú rẹ̀.
Ọmọ tí ebi ń pa ló sábà máa ń ṣí i,
a sì wò mí bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Látúnjí, bàbá tó bí bàbá mi, ló rán èyí tó pẹ́ jù.
Ó ru máṣíìnì ọlọ́wọ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ìhín,
ó ní ọdún méjì péré ni òun yóò fi ránṣọ,
kí òun tó padà lọ kọ́lé.
Ọdún méjì náà kò tíì pé títí di òní.

Ní bárékè nígbà náà, ẹgbẹ́ kan wà tí kò níbọn.
Orí ni wọ́n fi ń jagun.
Àpótí ọta, orí. Àpò ìrẹsì, orí.
Òyìnbó tí ibà dá dùbúlẹ̀, orí náà ni.
Àwọn oníbọn a máa fi wọ́n ṣẹ̀sín: "Ẹ kú ẹrù o!"
Látúnjí wá mú òwú pupa,
ó rán òṣùká sí wọn léjìká, roboto.
Wọ́n ní láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti mọ bí a ṣe ń yan.

Ogun Bọ́mà kó wọn gun orí omi.
Ìbaaka gba ẹrù lórí wọn; wọ́n di ẹni tí ń fa ìbaaka.
Wọ́n ti gé ohùn lọ́fun àwọn ẹranko náà
kí ọ̀tá má baà gbọ́ igbe wọn nínú igbó.
Sájẹ́ǹtì Áúdù Zúrù padà dé, kò lè pariwo mọ́.
Bó bá fẹ́ kí wọ́n dín ṣòkòtò òun kù,
etí Látúnjí ló ń sọ ọ́ sí, wúyẹ́wúyẹ́.

Lẹ́yìn òmìnira, lọ́rì dé.
Bàbá mi, Oyèníran, fi abẹ tú adé ọba
kúrò lára aṣọ igba ó lé mẹ́rìnlá,
ó rán ẹyẹ idì sáàárín òṣùká.
Ẹyẹ náà jọ adìẹ tó ń sàba.
Kọ́pùrà Okwudili rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀:
"Oyè, ó ku kó yé ẹyin!"

Kọ́pùrà kan náà ló kanlẹ̀kùn lóru ọjọ́ kan.
Òjò ń rọ̀, kò wọ bàtà.
"Bá mi tú u."
Bàbá mi tú u lábẹ́ fìtílà, kò gba kọ́bọ̀.
Ó bọ́ dàńṣíkí ọrùn ara rẹ̀ fún un.
Báàjì rẹ̀ nìyí. Òwú ṣì so mọ́ ọn létí.
Ogun abẹ́lé bẹ́ lẹ́yìn náà.
Lọ́rì tó gbé ọta lọ náà ló ń gbé òkú bọ̀.
Bàbá mi kì í sọ ti ọdún wọ̀nyẹn.
Bọ́tìnì ló ń rán bí a bá bi í.

Èyí aláwọ̀ ojú ọ̀run, ti Lẹ́bánónì ni.
Èmi ni mo rán an. Ó wọ́ díẹ̀.

Nísinsìnyí, omi ni wọ́n ń gbé
fún àgọ́ àwọn tí ogun lé nílé lọ́nà Màídúgùrí.
Òkè òkun ni báàjì wọn ti ń wá,
ó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ fúnra rẹ̀, kò bẹ abẹ́rẹ́.
Àmọ́ ní Túsìdeè tó kọjá, ọ̀gá kékeré kan wọlé, Talatu,
ó ní eruku ti jẹ ẹ́, kò lẹ̀ mọ́,
kí n bá òun rán an mọ́lẹ̀.
Mo wò ó: roboto, dúdú.
"Táyà ni," ó wí.
"Òṣùká ni."
"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"
Mo ká àkísà. Ó ṣí bẹ́ríìtì. Mo gbé e lé e lórí.
"Gámmò!" ó kígbe. "Òun nìyá mi fi ń ru omi!"

Kò sọ ọ́ kalẹ̀.
Ó jókòó sórí àpótí tòun ti àkísà lórí, ó ń dúró dè mí,
èmi ń wá òwú pupa kiri inú agolo.